Bí Mo Ṣe Lọ Kí Igi Obì Nínú Igbó Jàmáíkà

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá gbé omi sórí iná, kó lọ gbé e kalẹ̀. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ ń kùn lẹ́nu ọ̀nà, kó pa á, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìdúró. Mo lọ, mo bọ̀. Ojú mi rí òkun, ẹsẹ̀ mi tẹ igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, ọwọ́ mi yìí sì kan ohun tí mo ti ń tà láti kékeré tí n kò mọ bí ó ṣe ń dìde dúró. Ó yá, ẹ jókòó.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Ráfíátù, èmi tí mo ń ta obì ní ọjà Tàmálè kí orúnkún tó ní kí n wá máa jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní Gúmáànì, àdúgbò wa yìí. Bàbá mi ló fi mí sídìí òwò náà. Láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó dé Tàmálè ní Gánà, ó di ará Sọ́ńgò, àdúgbò àwọn àlejò, ó sì ń ta gbànja, obì aláwẹ́ méjì tí àwọn Haúsá ń pè ní górò, èyí tó ń ti ilẹ̀ Àṣáńtí wá nínú àpò tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ gbànja. Obì àbàtà ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, aláwẹ́ mẹ́rin, èyí tí wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ nílé wọn. Igi rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn. Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Tàmálè, tí ètè ń bẹ́, tí eruku ń wọ inú oúnjẹ, á kàn mi orí, á ní, "Òjìji igi yẹn tutù."

Nígbà tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn tó mú un lọ, ó pè wá. Kò sọ̀rọ̀ ilé, kò sọ̀rọ̀ ìsọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá dé ìdí igi àbàtà nínú yín, kó dúró lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fún mi. Kó bá mi kí i."

A ní a ti gbọ́. Ta ló wá dé ibẹ̀? Mọ̀lẹ́bí kan ránṣẹ́ láti ilé pé ọ̀nà títì ti gba ibẹ̀ kọjá, ilé ti wó, igi ti lọ. Igi tí àwa ọmọ Tàmálè mọ̀ ni oṣè, emi tí wọ́n fi ń ṣe òrí, àti igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú. Bí mo bá ń lọ Kùmásí, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo ti ń rí igbó, ó ń sáré lọ, èmi náà ń sáré lọ. Ẹ sì mọ aládùúgbò mi, Màámà Akósúà, ọmọ Àṣáńtí. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá ló máa ń dá mi lápàárá: "Bàbá Ráfíátù, ẹ ti ta obì títí eyín yín fi pọ́n, ẹ ò rí i lórí igi rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ rò pé wọ́n ń wú u bí iṣu ni!"

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ ná. A máa padà bá a.

Ìlú tó ń rìn lórí omi

Ráfíátù, ọmọ mi obìnrin, Amẹ́ríkà ló ń gbé. Òun ló ní kí n wá kí òun. Nígbà tí mo dé, tí mo sinmi, ó ní, "Bàbá, ẹ múra, a fẹ́ wọkọ̀ ojú omi."

Mo ní, "Ọkọ̀ ojú omi? Ta ló ń lé wa?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé wa, Bàbá. Ìgbádùn ni. Ọkọ̀ náà á máa gbé wa kiri erékùṣù, a máa jẹ, a máa mu, á sì gbé wa padà."

Mo ní, "Ibo ló wá ń gbé wa lọ gan-an?"

Ó ní, "Ìrìn náà gan-an ni ibi tí à ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi, ṣùgbọ́n mo múra. Nígbà tí a dé èbúté, mo ń wá òkun, n kò rí i. Ohun funfun kan ló dúró síwájú mi, ilé lórí ilé, fèrèsé lórí fèrèsé. Mo bi Ráfíátù pé ìlú wo nìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ náà nìyẹn." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kì í ṣe ti ẹ̀rù o, ti àrà ni. Nígbà tí a wọ inú rẹ̀, mo rí adágún omi tí wọ́n ṣe sí orí òrùlé ọkọ̀, àwọn ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwa tí a ń dúró ti omi ẹ̀rọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbọ́: orí òkun ni wọ́n wà, wọ́n tún gbé omi mìíràn gun orí rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi wẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Oúnjẹ wọn? Bí ọjà ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Mo yẹra fún ẹran tí kò yẹ wá, mo dojú kọ ẹja. Mo ní ṣítọ̀, ata díndín wa, nínú ìgò lápò mi, nítorí àwọn ènìyàn yẹn kò mọ̀ pé ata wà láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo ti jẹ ẹja kan tán, ó dùn débi pé mo ń fi búrẹ́dì nu abọ́. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá bi mí pé, "Sà, ṣé kí n mú ẹja sí i wá?"

Mo ní, "Rárá, mo ti yó."

Irọ́ ni. Gbogbo yín mọ̀ pé irọ́ ni. Báwo ni àgbà ṣe máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí ebi ń lé bọ̀ láti òde? Ìwọ á ní rárá, onílé á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un, àbí ọbẹ̀ wa ò dùn ni?" Ìwọ á tún ní rárá, ṣùgbọ́n ohùn á ti rọ̀ díẹ̀. Tó bá bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìwọ á mí kanlẹ̀, ìwọ á ní, "Ó dáa, nítorí tiyín ni." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Ọkùnrin náà ní, "Ó dáa, sà," ó gbé abọ́ mi, ó lọ.

Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ó ń lọ mú un wá. Ráfíátù ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá," ó ní, "níbí, bí ẹ bá ti ní rárá, rárá náà ni. Wọn ò ní bi yín lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní, "Ṣé wọn ò ní ẹ̀kọ́ ilé ni?"

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé. Ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n gbà gbọ́."

Ní ọjọ́ kejì mo wọ fúgù mi, èyí tó ní ìlà dúdú àti funfun, mo dé fìlà lé e. Obìnrin òyìnbó kan dá mi dúró lójú àtẹ̀gùn, ó ní ṣé ọba ni mí. Mo ní rárá. Kò gbà. Nínú ọkọ̀ náà títí mo fi kúrò, rárá yẹn nìkan ni wọn kò gbà lẹ́nu mi.

Tábìlì àwòrán

Nígbà tó ku ọ̀la tí a máa dúró ní Jàmáíkà, wọ́n tẹ́ tábìlì kan sí gbọ̀ngàn, wọ́n to àwòrán sí i lórí kí oníkálukú yan ibi tó fẹ́ kí wọ́n mú òun lọ. Àwòrán kan jẹ́ ti etíkun, iyanrìn rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Òmíràn jẹ́ ti ẹja ńlá kan tó ń fò bí ewúrẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ má rẹ́rìn-ín, okùn ni wọ́n so àgbàlagbà mọ́, wọ́n tì í láti orí òkè, ó ń fò kọjá lórí igi, ó ń pariwo, ó sì sanwó fún un!

Ráfíátù ní, "Etíkun, Bàbá. Ẹ máa jókòó, ẹ máa mu omi àgbọn."

Mo ní, "Mo ti jókòó tó ní Gúmáànì."

Ibẹ̀ ni mo ti rí àwòrán kẹrin. Igbó ni, igbó kìjikìji tí òjò ń bọ́, ewé rẹ̀ ń kán. Ní iwájú àwòrán náà, ọwọ́ ènìyàn kan na èso kan síta, wọ́n ti là á. Mo sún mọ́ ọn. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún fi í sójú.

Mo ní, "Ráfíátù. Kà á fún mi."

Ó ní, "Kí ni kí n kà? Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Mo ní, "Awẹ́. Ka awẹ́."

Ó kà á. Mẹ́rin ni. Ẹnu rẹ̀ là. Ó wò mí, ohùn rẹ̀ di ti ọmọ kékeré. Ó ní, "Ohun tí Bàbá Àgbà sọ."

Ẹ̀yin ará ilé! Ilẹ̀ tí n kò gbọ́ pé ẹnìkan wa ń gbé, òdìkejì òkun, ibẹ̀ ni àbàtà dúró sí tó ń dúró dè mí! Ráfíátù ní kí n dúró, òun ń sáré lọ mú káàdì yàrá wa wá, nítorí láìsí i wọn kò ní kọ orúkọ wa. Ó ti lọ díẹ̀ kó tó yíjú padà. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n bá bi yín, bẹ́ẹ̀ ni ni kí ẹ sọ o. Bẹ́ẹ̀ ni nìkan!"

Mo ní, "Ṣé ọmọdé ni mí?"

Ìlà ń lọ, ó kàn mí. Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó sídìí tábìlì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, "Sà, ṣé igbó lẹ fẹ́ lọ? Orí yín bá yín ṣe é, àyè méjì péré ló kù."

Èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òtítọ́: nígbà tí ẹran ìkẹyìn bá kù nínú àwo, tí ènìyàn sì wà lẹ́yìn yín, ṣé àgbà á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́? Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin òyìnbó kan ló dúró níbẹ̀, ó sanra, aṣọ rẹ̀ kún fún òdòdó bí ọgbà, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi, tó ti dàgbà jù mí lọ, ti ní, "Rárá o. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi mú un."

Mo wá dúró. Mo ń retí kó bẹ̀ mí.

Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, sà, ènìyàn rere ni yín." Ó yíjú sí wọn. Ìyàwó náà bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé àwọn ń lọ igbó, ọkọ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Wọ́n kọ orúkọ wọn.

Ráfíátù dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá. Kí lẹ sọ?"

"Mo ní rárá."

"Kí ló dé?"

"Ó ní èyí tó kù nìyẹn."

Ó káwọ́ lé orí. "Bàbá, kì í ṣe ẹran!"

Ó bẹ ọ̀dọ́bìnrin náà, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyẹn ní ó dun òun, bọ́ọ̀sì ti kún. Ẹ̀rín rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ni, ó sì ti tì. Mo lọ jókòó síbi tí mo ti ń wo omi. Bàbá mi rán mi níṣẹ́ kan ṣoṣo kó tó lọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní kí n wọlé, mo ní rárá, mo ti yó.

Ọkùnrin aláṣọ òdòdó

Ní òwúrọ̀, ilẹ̀ Jàmáíkà ti dúró síwájú wa. Òkè lórí òkè, ewé bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ìkùukùu jókòó lé wọn bí fìlà. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní kàn fi ojú wo èyí kí n padà. Mo fi obì gbànja sápò fúgù, mo lọ sí ibi oúnjẹ òwúrọ̀, mo wá òdòdó náà títí mo fi rí i. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jókòó, Máágì lorúkọ obìnrin náà.

Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ohun tí o bá fẹ́ ni kí o là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ìkíni kí n tó kọ́ ìtọrọ. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ó ní dáadáa ni.

"Ìyàwó ńkọ́?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í. Ó ní dáadáa ni.

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ńkọ́?"

Nígbà tí mo dé orí òtútù, Máágì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún mi. Mo mú obì jáde, mo là á, mo fún ọkùnrin náà ní awẹ́ kan. Ó rún un, ojú rẹ̀ hun jọ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀. Ó ní, "Ṣé oògùn ni?"

Mo ní, "Ohun àlejò ni. Dúró, mu omi lé e."

Ó mu omi. Ojú rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Omi yìí dùn!" Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n! Obì kì í yára sọ tinú rẹ̀."

Nígbà náà ni mo wá sọ ọ́, láìyí i, láìbò ó. Mo ní, "Mo fẹ́ àyè rẹ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí igbó."

Ẹ gbà mí gbọ́, ara mi gbóná. Ohùn mi dàbí ti ọmọ tó já ẹran gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi sílẹ̀ fún wa lánàá?"

Mo ní, "Èmi ni. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ." Mo sọ ti bàbá mi fún wọn, ti igi tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, àti ti iṣẹ́ tó rán wa. Máágì gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò mí.

Ọkùnrin náà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi, ejò ni mo bẹ̀rù. N kò fẹ́ rí igi kankan. Etíkun ni mo fẹ́ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé."

Máágì gbé orí sókè. "Kí lo wí? Mo bi ọ́! Mo ní ṣé a ń lọ igbó, o ní bẹ́ẹ̀ ni!"

Ó ní, "O ò bi mí lẹ́ẹ̀mejì!"

Mo lu tábìlì, mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà nítòsí yíjú. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Tàmálè ni ọ́, wọn ò kàn sọ fún ọ ni!" Èmi ní rárá, mo ń fẹ́. Òun ní bẹ́ẹ̀ ni, kò fẹ́. Wọ́n sì gba àwa méjèèjì gbọ́.

A lọ sídìí tábìlì, wọ́n yí orúkọ padà. Máágì ní òun ń lọ sí igbó òun ní tòun, bí ọkọ òun bá fẹ́ kó lọ gbẹ bí ẹja. Ráfíátù náà gba etíkun, inú rẹ̀ dùn, kò sì lè fi í pamọ́. Ó wọ ẹ̀wù òjò sí mi lọ́rùn, ó fi fóònù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ omi, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ibi tí igi ti ń fara ti igi

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ń wakọ̀ bí àwọn onítírótìró wa tó ń kó èrò ní Tàmálè, ẹnu rẹ̀ kò dúró, ọwọ́ rẹ̀ kan ló wà lórí ìtọ́kọ̀. Ara mi balẹ̀. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, a dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń sun iṣu lórí èédú. Iṣu o, ẹ̀yin ará Dágbọ̀n tí ẹ ń gbin iṣu! Ó ha á, ó là á, ó ti ẹja oníyọ̀ sí i láàrin. Ó bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Gánà. Ó ní, "Gánà fúnra rẹ̀?" Ó pe ẹni tó ń ta àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá wò mí. Nígbà tí mo jẹ tán, ó ní, "Pápà, ṣé kí n fi kún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Kò tíì pa ẹnu dé tí mo ti dáhùn.

Obìnrin tó mú wa wọ igbó, Mísì Pánsì ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó wọ bàtà rọ́bà, àdá kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi ìkíni ṣòfò. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo fúgù tó yọ lábẹ́ ẹ̀wù òjò, ó ní, "Pápà, ẹ máa tẹ̀ lé mi pẹ́kípẹ́kí, ẹ má sì bá igi jà." Ó na apá, ó ní kí n dì í mú. Bí ìfẹ́ àwọn ènìyàn yẹn ṣe rí nìyẹn: ohùn líle, ọwọ́ rírọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa sọ igbó náà fún ẹ̀yin tí ẹ mọ pápá nìkan? Ní ọ̀dọ̀ wa, igi dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí àwọn tó ti bára wọn jà. Ní ibẹ̀, igi fara ti igi, okùn igbó so wọ́n pọ̀, ewé hù lára ẹ̀ka, òdòdó hù lára ewé, wọ́n há bí èrò inú tírótìró lọ́jọ́ ọjà. Òkùnkùn wà ní ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ náà ṣeé mu. Mo na ahọ́n, n kò purọ́ fún yín, mo tọ́ ọ wò! Gbogbo nǹkan ń kán tó-tó-tó, ẹyẹ kan ń súfèé tí n kò rí i, ilẹ̀ sì rọ̀ bí tìmùtìmù. Máágì ń ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ewé náà ń ṣègbéyàwó. Mo gbàgbé orúnkún mi. Mo ń rìn bí ọmọkùnrin.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òjò wa tó ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú. Ó kàn dé ni. Mísì Pánsì ní kí a yà sábẹ́ igi. Mo rí ọ̀kan tí ewé rẹ̀ nípọn, mo lọ fẹ̀yìn tì í. Ibẹ̀ gbẹ, ó sì tutù. Mo sinmi, mo nu ojú, n kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Mo ní, "Mísì Pánsì, ẹ jọ̀ọ́, igi inú àwòrán yẹn ńkọ́? Ìgbà wo ni a máa dé ibẹ̀?"

Ó wò mí. Ó wo igi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí.

"Pápà," ó ní, "ẹ fẹ̀yìn tì í."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tó ṣáájú. Èmi tí mo lè pa ojú dé kí n sọ obì tuntun yàtọ̀ sí ti àná pẹ̀lú ìka! Mo gbé ojú sókè. Èso rẹ̀ so jọ bí ìràwọ̀, àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ rí kúlakùla. N kò mọ̀ rí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sùn. Mo gbọ́ ohùn Màámà Akósúà láti Gúmáànì, ó ń rẹ́rìn-ín kọjá òkun.

Mísì Pánsì mú ọ̀kan nílẹ̀, ó fi àdá là á, ó bó funfun tó bo obì inú rẹ̀. Ó fi í sí mi látẹ́lẹwọ́. Mo fi èékánná la obì náà. Awẹ́ mẹ́rin. Ó pupa bí ìgbà tí òrùn bá ń wọ̀.

Ó ní bísì ni àwọn ń pè é, wọ́n máa ń rin ín, wọ́n á sè é, wọ́n á mu ún bí ẹnìkan bá jẹ ohun tó bà á nínú jẹ́. Mo ní, "Ẹ máa ń mu obì?" Ó ní, "Kí ni ẹ̀yin ń ṣe sí i?" Mo ní, "À ń jẹ ẹ́." Ó ní, "Báyìí? Tútù? Pẹ̀lú eyín?" Ó pe Máágì kó wá gbọ́ ohun tí Pápà wí.

Mo bi í pé ta ló gbìn ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dẹwọ́. Ó ní, "Kò sí níbí tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá nínú ọkọ̀, àsìkò tiwọn ló dé. Ìyá àgbà mi ní wọ́n ń jẹ ẹ́ kí omi burúkú inú ọkọ̀ lè ṣeé mu. Àwọn kan kò jẹ tiwọn tán."

Mo ronú kan ọkọ̀ tó gbé èmi wá, adágún omi tó wà lórí òrùlé rẹ̀, ẹja tí mo ní mo ti yó. Lójú ọ̀nà omi kan náà, ẹnìkan di obì kan mọ́wọ́, ebi ń pa á, kò jẹ ẹ́, nítorí kó lè gbìn ín síbi tí kò mọ̀.

Mùsùlùmí ni mí, n kì í tẹríba fún igi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣeé gbé lé e. Mo gbé e lé e. Mo ní, "Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ará Tàmálè, ní kí n kí ọ. Ó ní òjìji rẹ tutù. Òtítọ́ ló sọ." Mo tún ní, "Ẹ̀yin tí ẹ gbé e dé ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú. A rí i." Mo wá dúró. Bàbá mi ní kí a dúró díẹ̀ fún òun. Òjò ń rọ̀, Mísì Pánsì kò pè mí, Máágì gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, mo dúró títí òjò fi dá.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀

Ọjọ́ tí mo padà dé Gúmáànì, ilé Màámà Akósúà ni mo kọ́kọ́ yà. Mo bá a nídìí fùfú rẹ̀, ó ti gé òkèlè àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ráfíátù! Ẹ wá jẹun."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo fa àpótí, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí wẹ ọwọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú òfurufú. Fùfú kan ṣoṣo ló wà nílé náà. Ó wò mí, ó wo abọ́, ó ní, "Wọ́n ti bà yín jẹ́ níbẹ̀!" Ṣùgbọ́n ó ti pè mí, mo ti dáhùn. A jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán ni mo ròyìn igi fún un, n kò fi ibi tí mo ti fẹ̀yìn tì í tí mo sì ń wá a pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ lórí ẹní.

Ó parí. Ẹ jẹ́ kí n pín ogún rẹ̀ kí n tó jẹ́ kí ẹ dìde. Ọkùnrin aláṣọ òdòdó jogún obì gbànja tó kù lápò mi. Ó ní òun á máa fi mu omi nílé. Mísì Pánsì jogún fìlà mi, ó dé e lójú mi, ó sì yẹ ẹ́ jù mí lọ. Ráfíátù jogún fọ́tò tí Máágì yà níbi tí mo ti fẹ̀yìn ti igi tí mo ń béèrè igi. Ó ní òun á fi í han ọmọ-ọmọ òun. Màámà Akósúà jogún obì rírin gbígbẹ tí Mísì Pánsì dì fún mi, àti ọ̀rọ̀ tó máa fi dá mi lápàárá títí a ó fi kú. Èmi jogún bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń lò ó níwọ̀nba, kí àwọn aládùúgbò má baà máa sá fún mi nígbà oúnjẹ.

Ó ku ẹnìkan. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí itẹ́ òkú tí bàbá mi sùn sí. Òrùn ń pa ilẹ̀ ibẹ̀, igi kan kò sí nítòsí. Mo ṣe àdúà fún un, mo wá sọ fún un pé mo ti dúró lábẹ́ igi àbàtà, mo sì ti bá a kí i. Ọmọ ní í jogún bàbá, bí a ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ló jogún ọmọ: òjìji ni mo kó wá fún un.